Manigri: Ilẹ̀ Wa, Ìtàn Wa, àti Ààlà Tí A Kò Tíì Kọ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ará ìlú àti àlejò níbi ayẹyẹ ọdún ìbílẹ̀

 

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ Manigri àti ìtàn rẹ̀, wọ́n sì ní kí n má pẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló le jù. Yorùbá ìwé ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe Nago ẹnu wa gan-an, kí ará Ṣábẹ̀ẹ́, ará Kétu, ará Ìdáàṣà àti ará Nàìjíríà tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ wọn lè kà á. Bí a bá délé, a mọ bí a ṣe ń sọ ọ́.

Ohun tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ti tó àkókò kí a kọ ìtàn ìlú yìí àti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ọwọ́ wa fúnra wa ló kọ ọ́, nítorí pé ayé tí à ń lọ yìí, ìwé ni wọ́n fi ń bi ènìyàn ní ìbéèrè lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí a wà.

Ojú ọ̀nà ni àlejò ti ń mọ̀ wá. Ẹni tó bá ti Kútọnu ń bọ̀ á dé Dassa, á yà sí Savalou, á kọjá Bantè àti Pira, kó tó wọ Manigri. Bassila ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ Djougou, lẹ́yìn rẹ̀ Natitingou, títí dé Porga lẹ́nu ààlà Burkina Faso. Nítorí náà, bí o bá kúrò ní Pira tí o wọ ilẹ̀ wa, o ti kúrò ní Collines, o ti wọ Donga. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kútọnu ló rò pé Nago parí sí Bantè, pé ohun tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ Bariba àti Dendi nìkan. Nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Manigri tí wọ́n gbọ́ tí ìyá arúgbó ń kí wọn ní ohun tó jọ èdè ìyá wọn, ẹnu a máa yà wọ́n. Ó yẹ kí ẹnu yà wọ́n.

Arrondissement mẹ́rin ló wà nínú commune Bassila: Bassila fúnra rẹ̀, Alédjo-Koura, Pénéssoulou, àti àwa Manigri. Commune náà fẹ̀ tó 5,661 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹ gbọ́ dáadáa: commune mẹ́rin ló wà ní Donga, ìyẹn Bassila, Djougou, Copargo àti Ouaké, ṣùgbọ́n Bassila nìkan gba bí ìdajì gbogbo ilẹ̀ náà. Donga fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́. Òfin oṣù kìíní ọdún 1999 ló pín àgbègbè 6 tó wà tẹ́lẹ̀ sí 12. Kó tó di ìgbà náà, abẹ́ Atacora ni a wà, Natitingou sì ni olú ìlú. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí ohun tó ń gba ènìyàn láti lọ gba ìwé kan ṣoṣo ní Natitingou nígbà tí ọ̀nà kò tíì ní ọ̀dà.

Ní ti omi, odò Térou tó gba inú commune wa kọjá ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn láti bá Ouémé, odò tó gùn jù lọ ní Benin. Ouémé ń lọ sí gúúsù títí dé ọ̀sà Nokoué. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kútọnu tí ẹ ń ráhùn omi tó kún inú ilé yín ní oṣù kẹsàn-án, ẹ má ṣe gbàgbé pé apá kan òjò òkè ọ̀hún ni. Ní ìwọ̀-oòrùn, láàrin Sokodé àti ààlà, ni odò Mono ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Togo ló sì ń gbà lọ sí òkun. Òjò tó bá rọ̀ sí agbègbè yìí kì í ṣàn gba ojú kan.

Òjò tiwa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Ní gúúsù, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń dé tó sì ń dáwọ́ dúró. Níbí, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù kẹrin, kó tó dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ọyẹ́ dé, iná ìgbẹ́ dé. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ wa fi jẹ́ ibi tí igi gúúsù àti igi àríwá ti pàdé. Ìrókò wà, ẹmi tí a fi ń ṣe òrí wà, igi tí a ń ká irú lórí rẹ̀ wà, osè náà kò gbẹ́yìn. Ní ìlà-oòrùn wa ni àwọn òkè Kouffé wà, tí igbó ìjọba tó yí wọn ká fẹ̀ ju 180,000 hẹ́kítà lọ. Àwọn aláṣẹ Faransé ló ya igbó náà sọ́tọ̀ ní àwọn ọdún 1940. Igbó Wari-Maro àti ti Agoua kò jìnnà sí i. Láti 2002, ètò kan tí ilé ìfowópamọ́ ìdàgbàsókè Áfíríkà fi owó sí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí igbó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ará Jámánì náà ti bá wa ṣe ètò igbó ní Bassila ṣáájú ìgbà yẹn.

Mo dárúkọ igbó ìjọba nítorí iye kan tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ní ìkànìyàn 2002, àwọn tó ń gbé commune Bassila lé ní 71,000. Nígbà tí wọ́n tún kà ní 2013, wọ́n ti lé ní 130,000. Láàrin ọdún 11 péré! Síbẹ̀, bí o bá fi iye ènìyàn 2013 pín sórí ilẹ̀, ẹni 23 ló bọ́ sí kìlómítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Kútọnu tó rí 23 yẹn á ní ilẹ̀ ṣófo ni. Mo ti gbọ́ ọ létí mi: «Ẹ̀yin ará Bassila, ilẹ̀ yín ti pọ̀ jù.»

Ilẹ̀ kò ṣófo. Ẹ kọ́kọ́ yọ igbó ìjọba kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí bí bàbá wa ṣe ń dá oko. Ilẹ̀ tó ti sinmi ni iṣu fẹ́. A ó ṣán igbó, a ó kọ ebè, iṣu ló máa kọ́kọ́ jẹ ilẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àgbàdo tàbí ọkà bàbà, lẹ́yìn náà ẹ̀pà, lẹ́yìn náà gbágùúdá, lẹ́yìn náà a ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tún di igbó. Ilẹ̀ tó ń sinmi yẹn kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó. Laboko tí a fi ń gún iyán jíjẹ ọdún, kò lè dáa lórí ilẹ̀ tó ti rẹ̀. Kokoro tí a ń bó, tí a ń sá gbẹ, tí a fi ń ṣe èlùbọ́, ó lè fara da ilẹ̀ tí kò sanra púpọ̀, ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí i pé òun ló ń gba ọjà lọ́wọ́ Laboko. Ẹ lọ wo ọjà wa, ẹ ó rí ìtàn ilẹ̀ lórí àtẹ.

Nígbà tó yá, kajú dé. Mi ò ní bú kajú, òun ló ń san owó ilé ìwé ọmọ púpọ̀ nínú yín, òun ló sì kọ́ òrùlé páànù tí mo ń rí láti ibi tí mo dúró sí yìí. Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, gbogbo ìlú kajú ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2024, ìjọba ti ní a kò gbọ́dọ̀ kó kajú tútù jáde kúrò ní Benin mọ́, kí àwọn ilé iṣẹ́ bíi ti Glo-Djigbé máa bó o níbí. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹlòmíràn á sọ ọ́. Tèmi ni ohun tí kajú ṣe sí ilẹ̀. Iṣu a máa fi ilẹ̀ sílẹ̀, kajú kì í fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá gbìn ín sí àárín ebè iṣu lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ á bá a níbẹ̀, á sì sọ pé ilẹ̀ bàbá òun ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló yá bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ náà fún iṣu ọdún kan.

Àwọn bàbá wa mọ èyí, wọ́n sì ní òfin fún un. Àlejò tó bá wá tọrọ ilẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ó lè kọ́ ilé, ó lè bímọ, ọmọ rẹ̀ lè fẹ́ ọmọ wa. Àmọ́ kò gbọdọ̀ gbin igi. Igi ni ìwé ilẹ̀ ní ìgbà yẹn. Òfin yẹn dára nígbà tí onílé àti àlejò mọ ara wọn, tí àlejò ń gbé ọ̀rùnmú iṣu wá ní ìgbà ìkórè kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Lónìí, onílé ti kú, ọmọ rẹ̀ wà ní Kútọnu, ọmọ àlejò ni ó mọ ibi tí ìṣàn omi gbà nínú oko náà. Ta ni ẹ rò pé adájọ́ á gbọ́ tirẹ̀?

Mo fẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí a kò lè mọ ẹni tó ni ààlà láì mọ bí àwọn ènìyàn ṣe pàdé síbí.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilẹ̀ yìí ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Ní gúúsù, ìjọba Dàhómì ni. Láti 1858 sí 1889 ni Glèlè jọba ní Abomey, ogun rẹ̀ kò sì jẹ́ kí àwọn ìlú Nago sùn. Ní àwọn ọdún 1880 ni wọ́n tú Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn ará rẹ̀ lẹ́rú. Ní ìlà-oòrùn àríwá, Borgu ni, àwọn ẹlẹ́ṣin Nikki àti ti àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn, Tchaoudjo ni, ìyẹn ìjọba Kotokoli ní agbègbè Sokodé, tí Uro Djobo Boukari lo àwọn ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń pè ní Semasi. Agbára mẹ́ta, àárín wọn sì nìyí: òkè, igbó, odò. Ẹṣin kì í sáré dáadáa nínú igbó. Ẹni tó bá bi mí ìdí tí àwọn baba ńlá wa fi yan ibi báyìí, mo lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i.

Àmọ́ ibi ìsápamọ́ nìkan kọ́ ni. Ọ̀nà òwò obì tó ti Gonja àti Salaga wá ń gba Djougou kọjá lọ sí Nikki àti ilẹ̀ Hausa. Irin tí àwọn ará Bassar ń yọ ní Togo ń rìn jìnnà, ó ń di ọkọ́ àti àdá ní ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú mìíràn. Iyọ̀, aṣọ, ẹrú, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, gbogbo wọn ló ń gba ọ̀nà kan náà. Ìlú tó bá wà nítòsí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ ìlú ẹ̀yà kan. Àwọn ará Bassila tó jẹ́ aládùúgbò wa, Anii ni wọ́n ń sọ, èdè tó yàtọ̀ sí tiwa. Lokpa àti Kotokoli wà, Yom wà, àwọn Fúlàní pẹ̀lú màlúù wọn wà, àwọn Bètammaribè láti Atacora sì ti wá bá wa dá oko. Bí ẹ bá ka orúkọ àwọn ìyàwó ilé kan ṣoṣo nínú ìlú yìí, ẹ ó rí i bóyá mo purọ́.

Ní ti àwa fúnra wa, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀, ló ní oríkì, ló ní èèwọ̀. Ohun tí ilé kan ń sọ ní Manigri-Ikanni kì í ṣe dandan kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní Manigri-Oké. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àṣà kan ti wọlé láìpẹ́ yìí tí mi ò fẹ́ràn: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ìlú Nago, á mú ọmọ Odùduwà kan, á mú un rìn láti Ilé-Ifẹ̀ tààrà, kò ní yà síbì kankan, á sì fi adé dé e. Ìwé ìtàn wá di bákan náà ní gbogbo ìlú. Ìlú tó wà ní etí ilẹ̀ Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Biodun Adediran tẹ ìwé kan jáde ní 1994 lórí àwọn ìlú ìwọ̀-oòrùn Yorùbá, láti 1600 sí 1889, ẹni tó bá sì kà á á rí i pé dídé ní ìgbà púpọ̀, ìpàdé pẹ̀lú àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀, àti ìdàpọ̀ ni ó dá wọn sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ ti Ifẹ̀ wá kó tó jẹ́ ọmọ Manigri. Ilé tí ìtàn rẹ̀ bá sọ pé Anii ni baba ńlá wọn, kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, kí a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di 1897, wọ́n pín wa láìbi wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún náà, Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ìwé ní Paris lórí ààlà láàrin Dàhómì àti Togo. Kò sí ará Manigri níbẹ̀, kò sí ará Kambolé níbẹ̀. Ìlà tí wọ́n fà fi Kambolé sí ọwọ́ Jámánì, ó fi Manigri sí ọwọ́ Faransé. Ènìyàn tó ń sọ èdè kan náà, tó ń fẹ́ ọmọ ara wọn, ọ̀kan ń san owó orí fún aláṣẹ tó ń sọ Jámánì, èkejì fún aláṣẹ tó ń sọ Faransé. Ní oṣù kẹjọ 1914, Jámánì pàdánù Togo láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Apá tó pọ̀ jù bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Kambolé sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ìlà kò parẹ́. Togo gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1960, Dàhómì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ìlà tí àjèjì fà sì di ààlà orílẹ̀-èdè méjì.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé ìwé ṣì tún so wá pọ̀. Ní 2011, àwọn olùwádìí èdè ti SIL tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí àwọn èdè tó bá Yorùbá tan ní Benin àti Togo jáde, Kambolé àti Manigri sì wà nínú ìwé kan náà. Nínú àkójọ èdè àgbáyé, orúkọ kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì ń jẹ́: Ede Nago, Manigri-Kambolé. Wọ́n ka Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà, Ìchà àti Ifẹ̀ ti Atakpamé lọ́tọ̀, wọ́n sì ka ti Alédjo-Koura lọ́tọ̀. Àwọn kan ń bínú pé wọ́n ya èdè wa kúrò lára Yorùbá. Èmi kò bínú. Ẹni tó bá fún ọ ní orúkọ ti gbà pé o wà.

Ṣé ẹ rí i, àjèjì ni ó ń kọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Àjèjì fa ààlà, àjèjì ya igbó sọ́tọ̀, àjèjì ka èdè. Kétu ní ìwé tí Parrinder kọ ní 1956. Ṣábẹ̀ẹ́ ní èyí tí Montserrat Palau Marti tẹ̀ jáde ní 1992 lórí ìtàn àti àwọn ọba rẹ̀. Àlejò ló kọ àwọn náà, ṣùgbọ́n ọmọ Kétu tí ẹnìkan bá bi léèrè lè ṣí ìwé. Ó yẹ kí ọmọ Manigri lè ṣí tirẹ̀, kó sì jẹ́ ọmọ Manigri ló kọ ọ́.

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba, ẹ jọ̀wọ́, ibi tó kan yín nìyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2013, orílẹ̀-èdè wa ṣe òfin ilẹ̀ tuntun, wọ́n sì tún un ṣe ní 2017. Òfin náà mọ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀. Ẹni tó ní ilẹ̀ láti ọwọ́ baba ńlá rẹ̀ lè gba ìwé tí wọ́n ń pè ní attestation de détention coutumière, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ wà nípa àṣà. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ kan wà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní commune, ìgbìmọ̀ míì. Lókè pátápátá, àjọ ANDF. Àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ oko máa ń dé abúlé, wọ́n á rìn yí oko ká pẹ̀lú olóko àti àwọn tó bá a pààlà, wọ́n á bi wọ́n, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n bá sọ, wọ́n á ní kí wọ́n tẹ̀ka.

Òfin náà kò burú. Ó tilẹ̀ dáa ju ti àtijọ́ lọ, nítorí ó fi etí sí ẹnu àgbà. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ohun tí ẹnu bá sọ ní ọjọ́ yẹn ni ó di ìwé. Bí àgbà tó mọ̀ bá ti kú ní ọdún tó kọjá, ẹni tí kò mọ̀ ni ó máa sọ̀rọ̀. Bí ilé méjì bá ń jà sí ìṣàn omi kan láti ayé bàbá wọn, ọjọ́ yẹn ni ìjà á tú. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ oko tó ju hẹ́kítà 2 lọ gbọ́dọ̀ fi ètò ohun tó fẹ́ fi ṣe hàn, bí kò bá sì kọjá 20, ìgbìmọ̀ commune ló ń wò ó. Kí ni ìgbìmọ̀ á fi wò ó, bí kò bá sí àkọsílẹ̀ kankan tó sọ ẹni tó ń dá oko níbẹ̀, odò tí màlúù ń mu, àti igbó orò tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn?

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ oyè. Ní 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Porto-Novo ṣe òfin lórí ipò ọba àti ìjòyè ìbílẹ̀. Ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò lè ju ìtàn lọ: ta ló kọ́kọ́ jẹ, láti ilé wo, ìgbà wo? Kábíyèsí, ẹ forí jì mí, mi ò ní wọ inú rẹ̀ ju báyìí lọ.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ pé kí owó tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọdún yìí má ṣe lọ sí aṣọ ẹgbẹ́ tuntun. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ nípọn, ẹ yan ọ̀dọ́ méjì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí wọ́n gbọ́ Nago dáadáa tí wọ́n sì lè kọ ọ́. Kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn àgbà ní ilé kọ̀ọ̀kan. Tẹlifóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀rín àti ijó ni ẹ ń fi í gbà ní báyìí. Kí wọ́n gba orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dé, ọ̀nà tó gbà, ẹni tó bá nílẹ̀, oríkì, èèwọ̀, orúkọ odò, orúkọ òkè, ibi tí ìlú wà kí a tó dé ibi tí a wà yìí. Bí ìtàn ilé méjì bá takora, kí wọ́n kọ méjèèjì. Ẹnikẹ́ni má ṣe pa ọ̀kan rẹ́ kí ó lè dùn mọ́ ẹni tó lówó.

Ọ̀nà ìkọ̀wé ńkọ́? Ní Benin, ìjọba ní kí á fi ɛ àti ɔ kọ èdè wa. Ní Nàìjíríà, wọ́n ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà, bí mo ti ṣe níbí. Ẹ yan èyí tó bá wù yín, kí ẹ má sì lo ọdún mẹ́ta lórí àríyànjiyàn náà.

Ẹ má gbàgbé àwọn ìyá. Nínú irú ìwádìí báyìí, ọkùnrin ni wọ́n máa ń bi. Ṣùgbọ́n ta ló ń pọn omi? Ta ló ń ṣa ẹmi àti irú? Obìnrin tó ti ṣa ẹmi ní oko kan fún 40 ọdún mọ orúkọ ìṣàn omi tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Òfin ìdílé orílẹ̀-èdè wa láti 2004 sì ti sọ pé ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ń jogún bákan náà, òfin ilẹ̀ náà kò sì yọ obìnrin sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn létí àwọn kan nínú wa.

Ẹ jẹ́ kí àlejò náà sọ tirẹ̀. Mi ò sọ gbogbo èyí kí á lè lé ẹnikẹ́ni kúrò. Ọmọ tí wọ́n bí ní Manigri, tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí ní Manigri, níbo ni ẹ fẹ́ kó lọ? Kí a kọ ọdún tí bàbá bàbá rẹ̀ dé, ẹni tó gbà á, ìpín tí wọ́n fún un, àti májẹ̀mú tó wà láàrin wọn. Ìwé tó bá gbé àdéhùn àlejò ń dáàbò bo àlejò, ó sì ń dáàbò bo onílé. Bákan náà ni ọ̀nà tí màlúù ń gbà: bí kò bá sí nínú ìwé, ọdọọdún ni a ó máa jà sí i.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìkórè iṣu, nígbà tí iná bá ti jó koríko tí ojú ilẹ̀ sì là, kí àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́ jọ rìn yí ààlà ká. Ẹ sàmì sí igi ìrókò tó jẹ́ ààlà, sí osè, sí ojúbọ, sí ibojì, sí ojú ìlú àtijọ́. Bí ẹ bá rí ìdàrọ́ irin tàbí ibi tí wọ́n ti ń lọ ọkà lórí àpáta, ẹ má ṣe gbé e kúrò, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ibi tó wà. Kí ẹ pe àwọn ará Pira àti àwọn ará Bassila síbẹ̀. Ààlà tí ẹnìkan nìkan rìn kì í ṣe ààlà.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ní iṣẹ́ tiwọn. Ìwé tí Faransé kọ nípa wa wà ní Porto-Novo, ní ilé àkójọ ìwé ìjọba, òmíràn wà ní Aix-en-Provence ní Faransé. Èyí tí Jámánì kọ nípa Togo wà ní Lomé àti ní Berlin. Ẹni tó ń wá àkòrí fún ìwé àṣekágbá rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tún kọ nípa ìpolówó ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀. Kí arrondissement fún wa ní àpótí irin kan tí ikán kò lè jẹ, àti ẹni kan tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí commune gba ẹ̀dà tiwa kí àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ. Kí àwọn olùkọ́ ní ilé ìwé wa gbà kí àwọn ọmọ kà á, pẹ̀lú èdè tí wọ́n gbọ́.

Ẹ̀dà kan á wà ní ààfin. Ẹ̀dà kan á wà ní arrondissement, ọ̀kan ní Bassila. Ẹ̀yin ará Kambolé, ìkẹrin tiyín ni. Bí ẹ bá ń padà sílé lẹ́yìn ọdún tó ń bọ̀, ẹ ó gbé e kọjá ààlà.